Ìdánwò AP ní Amẹ́ríkà: Ọ̀tọ̀ ni ká ṣe é, ọ̀tọ̀ ni ká lò ó

Àwọn àgbà ní abéèrè kì í ṣìnà. Ó yẹ kí òbí tó bá ní ọmọ nílé-ẹ̀kọ́ girama ní Amẹ́ríkà fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn bí oṣù kọkànlá ọdún bá ti ń wọlé dé. Àárín oṣù náà ni ìforúkọsílẹ̀ fún ìdánwò Advanced Placement, èyí tí tọmọdé tàgbà ń pè ní AP, máa ń parí, bẹ́ẹ̀ oṣù karùn-ún ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n tó máa ṣe é. Ní Houston, ní Maryland àti níbi gbogbo tí àwọn ọmọ Yorùbá pọ̀ sí lọ́hùn-ún, ìbéèrè kan náà ló máa ń wà láàárín òbí àtọmọ lásìkò náà: ṣé kí ọmọ ṣe é ni, àbí kó fi í sílẹ̀?

Ìdánwò náà kì í ṣe ohun tuntun. Láti ọdún 1955 ni àjọ College Board ti ń bójú tó o. Iṣẹ́ tó jẹ́ ti ọdún kìn-ín-ní ní yunifásítì ni wọ́n máa ń kọ́ ọmọ nígbà tó ṣì wà ní girama. Bó bá ṣe ìdánwò tán, wọ́n á fún un ní máàkì láti orí 1 dé orí 5, ẹni tó bá sì gba 3 ti yege nìyẹn. Yunifásítì tó bá fara mọ́ máàkì náà á fún un ní kírẹ́dìtì, ìyẹn ni pé wọ́n á ka iṣẹ́ ọ̀hún sí èyí tó ti ṣe parí. Kò ní jókòó ní kíláàsì rẹ̀ mọ́, kò sì ní san owó rẹ̀.

Irú ètò báyìí kò ṣàjèjì sí àwọn tó kàwé nílẹ̀ wa láyé HSC. Ẹni tó bá fi HSC wọ yunifásítì nígbà náà, ọdún mẹ́ta ló sábà máa ń lò níbi tí ẹlòmíràn ti ń lo mẹ́rin. Lónìí náà, àwọn tó gba ọ̀nà JUPEB tàbí IJMB lè bẹ̀rẹ̀ láti ọdún kejì. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé bí òbí Yorùbá bá gbọ́ AP báyìí, ohun tó máa ń sọ sí i lọ́kàn ni pé ọdún kan ti dín, owó ọdún kan sì ti kúrò nílẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe ti máa ń bẹ̀rẹ̀.

Odidi ni HSC, ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni AP. Nǹkan bí 120 kírẹ́dìtì ni wọ́n sábà máa ń bèèrè kí ọmọ tó gboyè ní yunifásítì Amẹ́ríkà, bẹ́ẹ̀ kíláàsì kan kì í sábà ju kírẹ́dìtì mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ. Ẹni tó bá fẹ́ gé odidi ọdún kan kúrò yóò nílò bí 30. Ọmọ tó yege nínú ìdánwò méjì kò tíì dé ìdajì ọ̀nà.

Àwọn yunifásítì náà kò fi ojú kan wò ó. Ní ọdún 2015, ìpínlẹ̀ Texas ṣòfin pé kí yunifásítì ìjọba máa fún ẹni tó bá gba 3 ní kírẹ́dìtì, àfi bí ilé-ẹ̀kọ́ náà bá ní ẹ̀rí pé máàkì tó jù bẹ́ẹ̀ lọ ni iṣẹ́ ọ̀hún ń fẹ́. Ṣùgbọ́n ní Dartmouth, láti orí àwọn tó wọlé ní ọdún 2014 ni wọn kò ti fún ẹnikẹ́ni ní kírẹ́dìtì AP mọ́. Ọmọ tó gba 5 lè fo kíláàsì ìbẹ̀rẹ̀ kan bọ́ sí èyí tó ga jù ú lọ, ṣùgbọ́n iye kírẹ́dìtì tó kù fún un láti ṣe kò ní dín. Máàkì kan náà ni, ohun tó ń rà níbì kan yàtọ̀ sí ohun tó ń rà níbòmíràn.

Owó rẹ̀ ńkọ́? Dọ́là 99 ni ìdánwò kan ní ọdún 2025, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìjọba tàbí ilé-ẹ̀kọ́ ń bá àwọn ọmọ san án láwọn ibì kan. Ọmọ tó bá fẹ́ ṣe márùn-ún yóò ná bàbá rẹ̀ ní 495, èyí kì í sì í ṣe owó kékeré lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ òru nílé ìtọ́jú arúgbó. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé, lóṣù kọkànlá tí wọ́n ń forúkọ sílẹ̀, ọmọ tó wà ní kíláàsì àṣekágbá kò tíì mọ yunifásítì tí yóò gbà á. Oṣù kẹta tàbí ìkẹrin ni lẹ́tà púpọ̀ máa ń dé. Síbẹ̀, ọ̀nà àbáyọ wà. Ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ tí kò wá ṣe ìdánwò, dọ́là 40 ni wọ́n máa ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀, kì í ṣe 99. Máàkì tí kò dára kò sì lè ba èsì kíláàsì jẹ́, nítorí oṣù keje, nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ ti parí, ni èsì ìdánwò tó ń jáde. Ọmọ fúnra rẹ̀ ló sì ń yan ibi tí wọn yóò fi í ránṣẹ́ sí.

Nítorí náà, ọmọ tó ti fi odidi ọdún kan gbájú mọ́ iṣẹ́ kan, tó sì yé e, kò pàdánù púpọ̀ bó bá ṣe ìdánwò rẹ̀. Ẹni tí kíláàsì náà kò yé rárá, tí òbí ń tì í nítorí pé ọmọ aládùúgbò ṣe mẹ́fà, ní tirẹ̀ kàn ń fi owó àti oorun ṣòfò ni.

Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni ká ṣe ìdánwò, ọ̀tọ̀ ni ká lo kírẹ́dìtì rẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ òbí ń pa pọ̀ nìyí. Ẹ wo ọmọ tó gba 5 nínú kẹ́mísírì, tí bàbá rẹ̀ sì ti ń pè é ní dókítà láti kékeré. Bó bá lo kírẹ́dìtì rẹ̀, yóò fo kẹ́mísírì ọdún kìn-ín-ní, yóò sì bọ́ sáàárín àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi odidi ọdún kan kọ́ ọ tán. Bí ìpìlẹ̀ rẹ̀ kò bá jinlẹ̀, èsì tó máa gbà níbẹ̀ ni ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn yóò wò, kì í ṣe 5 tó gbà ní girama. Púpọ̀ nínú àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn kì í tilẹ̀ gba AP rọ́pò kẹ́mísírì, bàọ́lọ́jì tàbí físíìsì. Wọ́n fẹ́ kí ọmọ ṣe wọ́n ní yunifásítì gan-an. Owó tí ìdílé rò pé àwọn fi pamọ́ á wá di èyí tí wọ́n ń padà san.

Bí ọmọ yìí kan náà bá gba 4 nínú ìtàn Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Kò sí iṣẹ́ dókítà kankan tó dúró lórí ìtàn. Níbi tí yunifásítì bá ti gbà á, kí ó lò ó, kí ó sì fi àyè tó ṣí sílẹ̀ náà dojú kọ kẹ́mísírì rẹ̀.

Kí òbí tó bínú sí ọmọ tàbí kó yọ owó, ìbéèrè mẹ́ta ló yẹ kó kọ́kọ́ bi yunifásítì: máàkì mélòó lẹ ń gbà nínú iṣẹ́ yìí? Kírẹ́dìtì mélòó lẹ ń fún ọmọ? Ṣé ó wà lára ohun tí oyè tó fẹ́ gbà ń bèèrè, àbí ẹ kàn ń kà á mọ́ àfikún lásán ni? Ọ̀pọ̀ yunifásítì ti tẹ ìdáhùn méjì àkọ́kọ́ jáde fún gbogbo ayé láti kà. Ẹ̀kẹta ló gba pé kéèyàn pè wọ́n.

Ìbéèrè kẹrin kò sí lọ́wọ́ yunifásítì. Ọmọ ni kí wọ́n bi í: ṣé iṣẹ́ yìí yé ọ dé ibi tí o fi lè kọ́lé lé e? Kí wọ́n fún un láyè láti dáhùn, kí wọ́n sì gba ìdáhùn rẹ̀ gbọ́. Òbí ló ń sanwó, ṣùgbọ́n ọmọ nìkan ni yóò jókòó ní kíláàsì kejì náà.