Kí Ìjà Oyè Gíwá Tó Dé Alábàtà

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2027, oyè gíwá yóò ṣófo ní Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ fún Ìmọ̀ Ọ̀gbìn tó wà ní Alábàtà, èyí tí tọmọdé tàgbà Abẹ́òkúta ń pè ní FUNAAB. Oṣù Kọkànlá 2022 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babatunde Kehinde gorí àlééfà níbẹ̀, ọdún márùn-ún péré sì ni òfin fún gíwá, kò sí àtúnjẹ. Ẹni tó bá ní ó ṣì jìnnà kò mọ bí nǹkan ṣe ń lọ ní fásitì ilẹ̀ wa. Gíwá kì í tíì di ẹrù rẹ̀ tí ẹsẹ̀ yóò ti máa pọ̀ lójúde àwọn olóṣèlú àti ní ààfin ọba, tí ìwé ẹ̀sùn tí kò lórúkọ yóò máa fò káàkiri, tí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tó jọ ń jẹun tẹ́lẹ̀ kò ní kí ara wọn mọ́. Ọdún ìdìbò gbogbogbòò sì tún ni 2027. Nítorí náà la ṣe ń sọ tiwa nísinsìnyí tí ara oníkálukú ṣì balẹ̀.

Ọ̀rọ̀ wa kò gùn. Ọ̀nà tí èèyàn gbà dé orí oyè gíwá ló ń sọ bí yóò ṣe lo oyè náà. Bí wọ́n bá ti àwọn olùkọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn nígbà tí wọ́n ń yan olórí, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn náà ni wọn yóò wà nígbà tí olórí bá ń náwó, tó ń gbani síṣẹ́, tó sì ń dá èèyàn dúró. Ibẹ̀ ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Òfin ọdún 2003 tó fún àwọn yunifásítì ìjọba àpapọ̀ lómìnira ti pín iṣẹ́ fún oníkálukú. Ìgbìmọ̀ alákòóso ló ń bójú tó owó, ilé àti ìgbanisíṣẹ́. Sẹ́nétì, níbi tí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n, àwọn dííìnì àti àwọn olórí ẹ̀ka ń jókòó sí, ló ni ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́: ohun tí a óò kọ́, ẹni tí a óò gbà wọlé, ẹni tó yẹ kó gboyè. Gíwá ni alága Sẹ́nétì, ó sì tún jẹ́ ọ̀kan nínú ìgbìmọ̀ alákòóso. Bó bá kan yíyan gíwá tuntun, ìgbìmọ̀ ni yóò polówó àyè náà nínú ìwé ìròyìn. Lẹ́yìn náà, ẹni márùn-ún ni yóò yẹ àwọn tó gba fọ́ọ̀mù wò: alága ìgbìmọ̀, ọmọ ìgbìmọ̀ méjì tí kò sí nínú Sẹ́nétì, àti ọ̀jọ̀gbọ́n méjì tí Sẹ́nétì rán wá. Orúkọ mẹ́ta ni wọn yóò mú lọ bá ìgbìmọ̀, ìgbìmọ̀ yóò mú ọ̀kan, yóò sì fi tó Ààrẹ létí. Mẹ́ta sí méjì ni ìṣirò náà. Sẹ́nétì kò lè fi ìbò borí níbẹ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ń rí máàkì, etí rẹ̀ sì ń gbọ́ ohun tí wọ́n sọ. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà ò wọ kèrègbè: ìdí tí òfin fi so wọ́n pọ̀ nìyẹn.

Kò yẹ kí irú ètò báyìí ṣàjèjì sí Ẹ̀gbá. Ní Abẹ́òkúta ayé àtijọ́, Aláké kì í dá ìlú ṣe. Ògbóni ló ń ṣòfin tó sì ń dájọ́, Ológun ló ń gbèrò ogun, Pàràkòyí ló ń bójú tó òwò àti ọjà, ìlú kọ̀ọ̀kan tó para pọ̀ di Ẹ̀gbá sì ní àwọn olóyè tirẹ̀. Ètò náà a máa falẹ̀, àríyànjiyàn ibẹ̀ a sì máa pọ̀, àmọ́ kò gba ẹnikẹ́ni láyè kó sọ ìlú di ti bàbá rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ní í jẹ́ jànmọ́-ọ̀n.

Ọmọ Ìgbòrè, Saburi Biobaku, wà lára àwọn tó kọ ìtàn ètò yìí sílẹ̀. Ìwé rẹ̀, The Egba and Their Neighbours, jáde ní 1957. Òun kan náà ni wọ́n fi jẹ gíwá Yunifásítì Èkó ní 1965, nínú ìjà tí àwọn àgbà olùkọ́ ilẹ̀ yìí kò tíì gbàgbé. Eni Njoku, onímọ̀ nípa ewéko, ni gíwá àkọ́kọ́ níbẹ̀ láti 1962. Nígbà tí sáà rẹ̀ parí, ọ̀pọ̀ nínú Sẹ́nétì fẹ́ kó máa bá iṣẹ́ lọ. Ìgbìmọ̀ kọ̀, ó mú Biobaku, ó ní òun ni òfin fún lágbára. Àwọn olùkọ́ ní ẹnikẹ́ni kò ka ọ̀rọ̀ àwọn sí. Ká tó wí, ká tó fọ̀, ó ti di ìjà Yorùbá àti Ígbò. Wọ́n ti yunifásítì pa, àwọn olùkọ́ kan kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ kan sì gún gíwá tuntun lọ́bẹ. Ọlọ́run ló yọ ọ́. Njoku gba Nsukka lọ, ó sì di gíwá níbẹ̀ ní 1966.

A mọ̀ọ́mọ̀ mú àpẹẹrẹ yìí nítorí pé ọmọ wa ni Biobaku. Kò sí ẹni tó lè sọ pé ìmọ̀ rẹ̀ kò tó oyè náà. Síbẹ̀, ọ̀nà tí ìgbìmọ̀ gbà fi í jẹ ló sọ ọ́ di ẹni tí ọ̀bẹ ń wá kiri. Bí ọmọ wa tó mọ̀wé tó bẹ́ẹ̀ kò bá rí ìwé tirẹ̀ fi bo àṣìṣe àwọn tó yàn án, ta ni yóò rí i bò?

Ọdún márùndínlọ́gọ́ta lẹ́yìn náà, ní yunifásítì kan náà, ìjà mìíràn tún bẹ́ sílẹ̀. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹjọ 2020, ìgbìmọ̀ tí Wale Babalakin jẹ́ alága rẹ̀ ṣèpàdé ní Àbújá, ó sì yọ gíwá, Ọ̀jọ̀gbọ́n Oluwatoyin Ogundipe, nípò lórí ẹ̀sùn ìnáwó. Gíwá ní irọ́ ni, Sẹ́nétì àti ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, ní wọn kò tẹ̀lé òfin. Ìgbìmọ̀ fi adelé sípò, àwọn olùkọ́ kò gbà á. Ṣáájú ìyẹn, ní oṣù Kẹta, aáwọ̀ kan náà ti mú kí wọ́n dá ayẹyẹ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde dúró nígbà tí àwọn òbí ti rán aṣọ. Nígbà tó yá, Ààrẹ Muhammadu Buhari ní kí alága àti gíwá jọ lọ jókòó sílé ná, kí Sẹ́nétì sì yan adelé fúnra rẹ̀. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹjọ, Sẹ́nétì dìbò: Ọ̀jọ̀gbọ́n Folasade Ogunsola rí 135, ẹni tó bá a du ipò náà rí 31. Kò sí ìwọ́de lórí èsì yẹn. Ìbọn kò dún, ọ̀bẹ kò yọ. Ní oṣù Kọkànlá, ìjọba tú ìgbìmọ̀ ká, Ogundipe sì padà sí ọ́fíìsì rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣe é bí ọmọlúàbí: iṣẹ́ ìgbìmọ̀ ni láti béèrè ọ̀nà tí owó gbà lọ, bí gíwá bá sì jẹ̀bi, kí wọ́n yọ ọ́. Ọ̀nà tí wọ́n gbà ni a ń bá wí. Ẹ̀sùn tó ṣeé gbọ́ di ohun tí kò ṣeé gbọ́ mọ́ nígbà tí ẹni tó fẹ̀sùn kanni tún sáré dájọ́.

Àwa náà ti jìyà irú rẹ̀ nílé níbí. Ní 1983, ìjọba dá yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Ní 1984, ìjọba ológun fi í ṣe ẹ̀ka Yunifásítì Èkó. Ọjọ́ kìíní ọdún 1988 ló tó dá dúró gẹ́gẹ́ bí yunifásítì ọ̀gbìn, nínú ọgbà àtijọ́ Abeokuta Grammar School ní Ìsàlẹ̀-Ìgbẹ̀ìn, kó tó kó lọ sí Alábàtà. Ní Òjéèrè, ìjọba Gómìnà Ibikunle Amosun kéde ní 2017 pé MAPOLY, pólì ìpínlẹ̀ wa, ti di yunifásítì, pé kí pólì kó lọ sí Ìpókíá. Olùkọ́ kò mọ ibi tí òun máa já sí, akẹ́kọ̀ọ́ kò mọ irú ìwé ẹ̀rí tí òun máa gbà. Lẹ́yìn tí Gómìnà Dapo Abiodun dé ní 2019, MAPOLY padà di MAPOLY. Ká ní wọ́n ti pe àwọn tó ń kọ́ni níbẹ̀ jókòó lákọ̀ọ́kọ́ ni, ìnáwó àti ìdààmú yẹn ì bá má wáyé.

Ìjọba tún ní àṣà kan tó burú ju èyí lọ, ìyẹn ni kó fi àga sílẹ̀ lófo. Òfin fún ìgbìmọ̀ yunifásítì ní ọdún mẹ́rin gbáko, àfi bó bá ṣe pé wọ́n bá a nídìí ìwà ìbàjẹ́ àti àìmọṣẹ́. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹfà 2023, ìjọba àpapọ̀ tú ìgbìmọ̀ àwọn iléeṣẹ́ rẹ̀ ká, ó sì da ti àwọn yunifásítì mọ́ ọn. Oṣù Keje 2024 ni àwọn tuntun tó jókòó. Fún ọdún kan gbáko, kò sí ẹni tí gíwá ń jábọ̀ fún bó ṣe yẹ. Ẹ̀gbá mọ ohun tí àga òfìfo ń bí. Aláké Okukenu wàjà ní 1862, ó di 1869 kí Ademola Kìíní tó jẹ. Láàárín ìgbà náà, ẹni tó lágbára jù ló ń pàṣẹ.

Ó kù sí ọ̀dọ̀ àwa ará ìlú. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ r'òde. A ti ń gbọ́ ọ, ní ibi ìgbéyàwó àti ní ìpàdé ẹgbẹ́, pé ó yẹ kí oyè gíwá kan ọmọ Ẹ̀gbá. Ẹ wo ibi tí ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ gbé àwọn ẹlòmíràn dé. Ní oṣù Kẹta 2022, nígbà tí wọ́n kéde gíwá tuntun ní Yunifásítì Obafemi Awolowo, àwọn kan kó nǹkan ìṣẹ̀ṣe wọ inú ọgbà pé ọmọ Ifẹ̀ ló kàn. Ní Yunifásítì Ìbàdàn, ẹ̀hónú dá ètò yíyan gíwá rú ní 2020. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adebola Ekanola ṣe adelé gíwá láti oṣù Kejìlá ọdún náà títí di oṣù Kẹwàá 2021, bẹ́ẹ̀ òfin ní adelé kò gbọ́dọ̀ ju oṣù mẹ́fà lọ. FUNAAB fúnra rẹ̀ ti ní gíwá tó jẹ́ ọmọ Èdó, Julius Okojie, ẹni tó padà di akọ̀wé àgbà NUC, àjọ tó ń bójú tó àwọn yunifásítì. Àgbàdo Alábàtà kò béèrè ìlú tí gíwá ti wá kó tó yọ ọmọ.

Àwọn olùkọ́ náà, ẹ fetí sílẹ̀. Sẹ́nétì tó bá ń bá gíwá rẹ́rìn-ín fún ọdún mẹ́rin nítorí ipò alága kọmítì, tó wá ń pariwo ìyà ní ọdún karùn-ún, òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ ta oyè rẹ̀. Ẹgbẹ́ tó ń béèrè ìṣirò owó lọ́wọ́ gíwá, tí kò lè bá ọmọ ẹgbẹ́ tó ń ta máàkì wí, kò lẹ́nu ọ̀rọ̀. Ìyanṣẹ́lódì náà sì ní ẹni tí ó ń dùn. Ní 2022, ASUU ti ilé-ẹ̀kọ́ láti ọjọ́ 14 oṣù Kejì títí di ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá lórí ọ̀rọ̀ àdéhùn tí wọ́n bá ìjọba ṣe ní 2009. Ní Ìtòkú níbi tí a ti ń kọ ìwé yìí, ọmọ tó yẹ kó wà ní kíláàsì ló ń jókòó lórí àpótí nínú ọjà àdìrẹ, tó ń fi okùn di aṣọ tí ìyá rẹ̀ fẹ́ rẹ, tó ń ká èyí tó ti gbẹ. Ìyá ti san owó ilé ọdún kan fún onílé ní Kámpù, yàrá náà wà ní títì. A kò sọ pé ẹjọ́ ASUU kò tọ́. Ohun tí a ń sọ ni pé ìjà tí Sẹ́nétì àti ìgbìmọ̀ bá kọ̀ láti parí nínú yàrá, inú ọjà ló ń já sí.

Nítorí náà, ohun tí a ń béèrè rèé. Kí ìjọba àpapọ̀ fi ìgbìmọ̀ tó jókòó ní 2024 sílẹ̀ títí ọdún mẹ́rin rẹ̀ yóò fi pé, kó lè yan gíwá láìsí pé ẹnikẹ́ni ń mì í lẹ́sẹ̀ nínú ọdún ìdìbò. Kí ìgbìmọ̀ polówó oyè náà ní àkókò tó tó, kó sì tẹ ìlànà máàkì síta kí fọ́ọ̀mù àkọ́kọ́ tó wọlé. Ìlànà tó bá jáde lẹ́yìn orúkọ, a ti mọ ẹni tí wọ́n rán an fún. Kí gbogbo Sẹ́nétì fi ìbò ìkọ̀kọ̀ yan ọ̀jọ̀gbọ́n méjì tí yóò ṣojú rẹ̀, kí àwọn méjèèjì sì padà wá jábọ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá jẹ, kó máa gbé ìṣirò owó ọdún kọ̀ọ̀kan wá síwájú kọmítì Sẹ́nétì, kó sì jẹ́ kí àwọn olùkọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì kọ̀ọ̀kan dìbò yan dííìnì wọn. Kí ẹgbẹ́ olùkọ́ àti ti òṣìṣẹ́ tí kì í ṣe olùkọ́ kọ́kọ́ kọ ẹ̀sùn wọn ránṣẹ́ sí ìgbìmọ̀, kí wọ́n sì fún un lọ́jọ́ tí wọ́n ń retí èsì, kí wọ́n tó ti géètì. Kí àwọn ọba, àwọn olóyè àti àwọn olóṣèlú wa jáwọ́ nínú kíkọ ìwé àbẹ̀tẹ́lẹ̀ sí Àbújá.

Bí FUNAAB bá yan gíwá ní 2027 láìlọ sí kóòtù, láìsí adelé tó jókòó kọjá oṣù mẹ́fà, a óò gbé e sójú ìwé yìí kí gbogbo fásitì yòókù rí i. Bí ẹnikẹ́ni bá sì gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, a óò dárúkọ rẹ̀ àti àwọn tó ṣílẹ̀kùn fún un, ì báà jẹ́ Ẹ̀gbá Aké ni.