Ìkookò Amẹ́ríkà: Ẹ Má Bínú Sí Mi, Òpin Rẹ̀ Kò Sí

  

Ọ̀ràn dé bá mi o. Láti ìgbà tí mo ti ń sọ ìtàn ọmọkùnrin Amẹ́ríkà tó ń di ìkookò lójú ewé yìí, ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí, lẹ́tà ya bo tábìlì mi bí eéṣú. Télọ̀ kan kọ̀wé láti Abẹ́òkúta pé òun àtàwọn ọmọṣẹ́ òun fẹ́rẹ̀ẹ́ fa ara wọn láṣọ ya nítorí ẹni tó pa ìyá ọmọ náà. Ìyá kan tó ń ta ẹja gbígbẹ ò tiẹ̀ kí mi rárá, bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí: “Ìwọ ọmọ yìí, o ti gba owó ìwé ìròyìn lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀mẹta, o ò tíì sọ ibi tí ọ̀rọ̀ já sí. Ṣé bí wọ́n ṣe ń tajà nílé yín nìyẹn?”

Ìyá mi, mo dọ̀bálẹ̀. Òpin tí ẹ ń bèèrè, èmi náà wá a títí, mi ò rí i. Kì í ṣe pé mo gbé e pamọ́. Àwọn tó ni ìtàn ni ò kọ ọ́. Lẹ́tà kan tún wà nínú wọn tí kò jẹ́ kí n sùn, mo máa dé orí ẹ̀, ẹ fara balẹ̀.

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: ṣé ẹ rántí Atọ́ka, ìwé aláwòrán tí àwọn àgbà ń rà láyé ọjọ́un, tí wọ́n ń fi fọ́tò àwọn eléré tíátà sọ ìtàn? Irú ẹ̀ ni Marvel ń tẹ̀ ní New York, àmọ́ àwòrán tí wọ́n fọwọ́ yà ni tiwọn. Láti 1954 ni àwọn tó ń tẹ irú ìwé bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà ti ṣòfin fúnra wọn pé kò gbọdọ̀ sí èèyàn tó ń di ìkookò nínú ẹ̀, kí ẹ̀rù má baà ba ọmọdé. Ní 1971, wọ́n dẹ òfin náà. Bí wọ́n ṣe dẹ ẹ́ báyìí, gbogbo iwin ló rọ́ jáde! Ní oṣù kejì 1972, Gerry Conway kọ ìtàn Jack Russell, Mike Ploog ya àwòrán ẹ̀, wọ́n gbé e sínú ìwé kan tó ń jẹ́ Marvel Spotlight. Ó tà. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn, Jack ti ní ìwé tara ẹ̀, Werewolf by Night. Sẹ́ǹtì 20 ni wọ́n ń tà á.

Ìtàn náà ò le. Ọjọ́ tí Jack pé ọmọ ọdún 18 ni ègún ìdílé bàbá ẹ̀ gbé e. Bí òṣùpá bá ti yọ kíkún, irun á bò ó, èékánná á yọ, á di ìkookò tó ń fẹsẹ̀ méjì rìn. Bí ilẹ̀ bá mọ́, á jí sínú pápá tàbí lójú títì, aṣọ ti ya mọ́ ọn lára, kò sì ní mọ ohun tó fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe lóru.

Ẹ wá jẹ́ ká dé ibi tó jò. Ilé yìí jò púpọ̀.

Ìyá Jack, Laura, kú nínú jàm̀bá mọ́tò lọ́jọ́ ìbí ọmọ ẹ̀ yẹn gan-an. Ẹnì kan ló ba bíréèkì mọ́tò náà jẹ́. Nínú ìwé àkọ́kọ́, bí wọ́n ṣe to ọ̀rọ̀ ẹ̀, ẹ̀yin náà á na ìka sí Philip, ọkọ ìyá ọmọ náà. Síbẹ̀, kí obìnrin yẹn tó dákẹ́, ó mú ọmọ ẹ̀ búra pé kò ní fọwọ́ kan Philip. Kí ló dé? Wọn ò sọ. Ìgbà tó yá, òǹkọ̀wé mìíràn dé, ó ní Philip ò mọwọ́ mẹsẹ̀, àbúrò bàbá Jack ni, ó ṣú Laura lópó ni, pé àwọn ọlọ́tẹ̀ olówó kan tí wọ́n ń pè ní Committee ló rán apànìyàn sí i. Nítorí náà, télọ̀ Abẹ́òkúta, ẹ̀yin àtàwọn ọmọṣẹ́ yín, kò sẹ́ni tó jẹ̀bi nínú yín. Ẹni tó ka ìwé ìbẹ̀rẹ̀ gbà, ẹni tó ka tìkẹyìn náà gbà.

Èyí tó kàn yìí, iṣẹ́ télọ̀ gan-an ni. Ní oṣù kẹjọ 1975, nínú ìwé kejìlélọ́gbọ̀n, ọkùnrin kan yọ tó ń jẹ́ Marc Spector, ológun tó ń fi owó jà. Committee yìí kan náà ló bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́ pé kó lọ mú ìkookò wá láàyè. Wọ́n fún un ní aṣọ funfun àti ohun ìjà fàdákà, wọ́n sọ ọ́ ní Moon Knight, ìyẹn jagunjagun òṣùpá. Ó mú ìkookò lóòótọ́, àmọ́ nínú ìwé tó tẹ̀ lé e, àánú ṣe é, ó tú u sílẹ̀, ó sì dojú ìjà kọ àwọn tó bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́. Àwọn òǹkàwé fẹ́ràn ọkùnrin yìí débi pé ní oṣù kọkànlá 1980 òun náà gba ìwé tiẹ̀. Àlejò tó wọlé wá mú ìkookò ló di onílé.

Ẹ wá wo aṣọ. Nínú ìwé 1980 yìí, wọ́n ní ilẹ̀ Íjíbítì ni aṣọ funfun náà ti wá, pé Spector ń kú lọ lẹ́sẹ̀ ère Khonshu, òrìṣà òṣùpá, kó tó jí tó sì fi aṣọ ara ère náà bora. Ó dáa. Aṣọ tí Committee rán fún un ní 1975 wá ńkọ́? Ṣé aṣọ kan ṣoṣo lè ní télọ̀ méjì, ọ̀kan ní Amẹ́ríkà, ọ̀kan ní Íjíbítì? Wọ́n wá bu àbùlẹ̀ lé e, wọ́n ní ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ ni, pé Spector àti ọ̀rẹ́ ẹ̀ ló tan Committee jẹ. Àbùlẹ̀ náà mú, mi ò ní purọ́, àmọ́ àwọ̀ ẹ̀ ò bá ti aṣọ mu. Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín ni pé ọwọ́ kan náà, Doug Moench, ló kọ ti 1975 tó tún kọ ti 1980!

Ti ṣòkòtò ìkookò, ẹ má jẹ́ ká dé ibẹ̀. Ẹ̀wù á ya, bàtà á fọ́, ṣòkòtò á sì máa wà nídìí ẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Mo rò pé nítorí ọmọdé ni.

Àwọn ihò wọ̀nyí ò bí mi nínú, ẹ̀yin ìyá mi. Ìwé 43 ni wọ́n tẹ̀ láti 1972 títí di oṣù kẹta 1977, nígbà tí owó ẹ̀ ti di sẹ́ǹtì 30. Conway kọ, Len Wein kọ, Marv Wolfman kọ, Mike Friedrich kọ, Moench wá gbé e dé òpin. Ọbẹ̀ tí èèyàn márùn-ún jọ sè, tí oníkálukú dé pẹ̀lú iyọ̀ tiẹ̀, ẹ ò lè ní kó má sí ibi tó ti dùn jù ara wọn lọ. Ọjọ́ ìtẹ̀wé ò dúró de ẹnikẹ́ni. Èmi tí mò ń kọ ojú ewé kan lọ́sẹ̀ mọ bó ṣe ń rí.

Òpin tí wọ́n jẹ wá ní gbèsè ni mi ò lè dárí ẹ̀ jì wọ́n.

Nígbà tí ìwé 43 yẹn fi máa kásẹ̀ nílẹ̀, Jack ti ń kọ́ bó ṣe máa ko ẹranko inú ẹ̀ níjàánu, tí á di ìkookò tí làákàyè ẹ̀ á sì wà lórí. Ìwòsàn kọ́, àmọ́ ìtura ni. Ọdún mọ́kànlélógún kọjá. Ní oṣù kejì 1998, Marvel tún bẹ̀rẹ̀ ìwé ẹ̀ lákọ̀tun, Paul Jenkins kọ ọ́, Leonardo Manco ya á. Ẹranko náà ti tún ń jà gba ara ọmọ náà mọ́ ọn lọ́wọ́, ló bá ń wá àwọn ègé ohun ìjà kan, Wolfblade, kiri, bóyá á rí i fi ṣẹ́gun ẹ̀. Àwòrán inú ẹ̀ dúdú, ó bani lẹ́rù, ìtàn náà wọni lára ju ti àtijọ́ lọ. Ìwé mẹ́fà péré, wọ́n dá a dúró. Wọ́n ní kí ẹ má ṣèyọnu, ìtàn á máa bá a lọ nínú ìwé tuntun kan, Strange Tales, tí Jack á jọ máa gbé pẹ̀lú Man-Thing, ọ̀gbẹ́ni inú irà tí kì í sọ̀rọ̀. Àwọn èèyàn tún mówó síta. Ìwé àkọ́kọ́ jáde, ìkejì jáde ní oṣù kẹwàá 1998. Ìkẹta ò jáde títí dòní.

Ọjà ò tà, wọ́n ká ẹní. Mo gbọ́, ọlọ́jà mọ ìyẹn. Àmọ́ ní 1999, wọ́n wá àyè fún ìtàn Man-Thing nínú ìwé Spider-Man kan, wọ́n parí ẹ̀ fún un. Ti Jack, kò sẹ́ni tó wá àyè fún un. Ẹ gba owó aṣọ méjì lọ́wọ́ oníbàárà, ẹ rán ọ̀kan, ẹ ju ìkejì sí abẹ́ máṣíìnì pẹ̀lú abẹ́rẹ́ lára! Ní 2022 wọ́n fi Jack ṣe fíìmù kékeré, Gael García Bernal ló ṣe é, Man-Thing wà níbẹ̀, ọ̀rẹ́ ni wọ́n. Mo wò ó dópin pé bóyá wọ́n á ya ìdí ọ̀rọ̀ yẹn. Wọn ò sọ bí ègún ṣe mú un, wọn ò sọ bó ṣe máa tán.

Ní tiwa, nínú ìtàn ọdẹ tó fẹ́ àgbọ̀nrín, gbogbo yín mọ ibi tí ọdẹ gbé awọ obìnrin náà pamọ́ sí, ẹ mọ ẹni tó tú àṣírí, ẹ mọ bó ṣe gbé awọ wọ̀ tó padà sígbó. Ó lè má dùn létí, àmọ́ ọmọ tó gbọ́ ọ á lọ sùn.

Lẹ́tà tí mo wí nìyí o. Ìyá kan tó ń ta èlùbọ́ ló ní kí wọ́n bá òun kọ ọ́. Ọmọ ẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ló ń ka ojú ewé yìí sí i létí lálaalẹ́. Wárápá ń ṣe ọmọ náà. Ó ń kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì, ọ̀gá ẹ̀ ní kó máa lọ sílé lọ́jọ́ tó ṣubú ní ṣọ́ọ̀bù tí itọ́ ń hó lẹ́nu ẹ̀, nítorí pé àwọn ọmọṣẹ́ yòókù ń sá fún un. Ìyá náà ní ọmọ òun ò bèèrè ẹni tó pa Laura, kò bèèrè aṣọ. Ohun kan ṣoṣo ló ní kí òun bi mí: “Bọ̀dá oníwèé ìròyìn, Jack yẹn tí kì í mọ ohun tó ṣe é tó bá jí, ṣé wọ́n wò ó sàn?”

Ẹ ò rí nǹkan. Mo sọ fún ọ̀rẹ́ mi kan níbi iṣẹ́, ó ní kí n wulẹ̀ parí ìtàn náà fúnra mi, kí n kọ ọ́ pé Jack san, ta ló máa lọ yẹ̀ ẹ́ wò ní New York? Mo jókòó, mo sì kọ ọ́. Mo kọ ojú ewé méjì, òṣùpá yọ, Jack dúró lójú fèrèsé, kò sóhun tó ṣe é. Ó dùn ún kà. Mo ya á. Tọ́mọ yẹn bá dàgbà tó wá rí ìwé náà fúnra ẹ̀ ńkọ́?

Ni mo bá gba ilé ìwòsàn lọ, mo lọ bá nọ́ọ̀sì kan tó mọ̀ nípa àìsàn yìí, mo wá jókòó kọ lẹ́tà ọmọ náà. Mo sọ fún un pé àwọn tó ni Jack ò parí ọ̀rọ̀ ẹ̀, mi ò sì mọ̀. Mo ní àmọ́ tìẹ kì í ṣe tiẹ̀. Tiẹ̀, òṣùpá ni wọ́n ní ó fà á. Tìẹ, inú ọpọlọ ló ti ń wá, kì í ranni, itọ́ ẹnu ẹ ò lè kó o bá ẹnikẹ́ni. Oògùn wà fún un ní ọsibítù, lójoojúmọ́ ni wọ́n ń lò ó, a kì í dá a dúró fúnra ẹni tára bá ti yá. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ pé bí èèyàn mẹ́wàá tó ní in bá rí ìtọ́jú tó péye, ó lè tó méje nínú wọn tí kò ní máa ṣubú mọ́. Mo fi orúkọ ibi tí ìyá ẹ̀ á ti rí dókítà sí i, mo sì fi ìwé Jack kan tí mo ní sínú ẹ̀. Ọjọ́ Ajé ló lọ.

Ọ̀gá mẹkáníìkì, bí wọ́n bá ń ka èyí sí yín létí, ẹ ti mọra yín, mi ò ní dárúkọ. Ọmọ náà ní sípánà mẹ́ta òun àti bàtà iṣẹ́ òun ṣì wà ní ṣọ́ọ̀bù yín. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má kó o fún ẹlòmíì.