Àwọn Agbálẹ̀ Ọ̀nà Èémí

Ìwé kan tẹ̀ mí lọ́wọ́ láti ọ̀dọ̀ ìyá kan tí ń yan ẹja tà. Ó ní ó ti lé ní 20 ọdún tí òun ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà, kò sì sí òwúrọ̀ kan tí òun jí tí òun kì í kọ́kọ́ wúkọ́, kí òun sì tu kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tí ó ṣe dúdúdúdú sílẹ̀, kí òun tó lè kí ará ilé pé ẹ káàárọ̀. Bí oòrùn bá ti là, ikọ́ náà a rọlẹ̀. Àwọn alájọgbélé rẹ̀ ní kí ó máa mu oògùn olómi kan tí í pa ikọ́ mọ́ni lẹ́nu lálaalẹ́. Ìbéèrè rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: ṣé kí òun mu ún?

Ìdáhùn mi kò gùn: ìyá, ẹ má mu ún. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ olùkọ́ ni mò ń ṣe, mo sì mọ̀ pé bí a bá sọ fún ọmọ pé "má ṣe é" tí a kò sọ ìdí rẹ̀, bí a bá ti kọ ẹ̀yìn sí i báyìí ni yóò ṣe é. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a bá afẹ́fẹ́ wọ inú ara lọ, kí a lọ wo ohun tí ikọ́ òwúrọ̀ yìí ń ṣe níbẹ̀.

Imú ni ẹnu-ọ̀nà. Irun tí à ń fojú rí níbẹ̀ ni í dá eruku ńláńlá dúró. Nínú lọ́hùn-ún, àwọn egungun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà tí wọ́n ká bí ewé. Awọ tí ó máa ń tutù rinrin ni ó bò wọ́n, ẹ̀jẹ̀ gbígbóná sì ń ṣàn lábẹ́ awọ náà. Afẹ́fẹ́ tí ó bá gba ibẹ̀ kọjá yóò gba ooru, yóò sì gba omi, kí ó tó dé àyà. Ẹni tí ó bá ń fi ẹnu mí, ẹ̀yìnkùlé ni ó ń gbà wọlé. Nígbà ọyẹ́, tí eruku aṣálẹ̀ bá ń fẹ́ bọ̀ láti ìhà Ṣáàdì, irú ẹni bẹ́ẹ̀ a jẹ ìyà rẹ̀, ọ̀fun rẹ̀ a gbẹ bí ẹran tí a sá sóòrùn.

Ẹ wá fọwọ́ ba ọrùn yín nísàlẹ̀ gògóńgò. Òrùka òrùka tí ẹ̀ ń bà níbẹ̀, egungun rírọ̀ bí ti etí ni, wọ́n sì tó 16 sí 20. Wọn kò yí po tán: ẹ̀yìn wọn là sílẹ̀, nítorí pé ẹ̀yìn náà gan-an ni ọ̀nà oúnjẹ wà, kí òkèlè iyán tí ó bá tóbi lè rí àyè kọjá. Ọ̀nà èémí yìí gùn tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 11. Nísàlẹ̀ rẹ̀ ó pín sí méjì, ọ̀kan sí ẹ̀dọ̀fóró ọ̀tún, ọ̀kan sí ti òsì. Ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan tún pín, bẹ́ẹ̀ ni yóò sì máa pín títí yóò fi tó nǹkan bí ìgbà 23, bí igi ìrókò tí a dorí rẹ̀ kodò.

Púpọ̀ nínú èyí ni alápatà lè fi hàn yín lára ẹran. Èyí tí kò lè fi hàn yín ni ohun tí ojú lásán kò rí. Bí a bá gé awọ inú ọ̀nà yìí fẹ́lẹ́, tí a fi í sábẹ́ awò tí wọ́n ń pè ní maikirosíkóòpù, a ó rí àwọn sẹ́ẹ̀lì, èyíinì ni àwọn bíríkì alààyè tí a fi mọ ara, tí wọ́n dúró bí ọmọ ilé-ìwé lórí ìlà. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ wò wọ́n yóò rò pé ìlà wọn pọ̀, pé ọ̀kan gun èjìká èkejì. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Gbogbo wọn ni ẹsẹ̀ wọn tẹ ilẹ̀ kan náà. Àwọn kan gùn, àwọn kan kúrú, orí àwọn kúkúrú kò sì yọ sókè.

Láàrin wọn ni àwọn kan wà tí wọ́n rí bí ife ìmumi. Iṣẹ́ tiwọn ni láti máa da ikun fífà sílẹ̀, kí eruku àti kòkòrò àrùn lè lẹ̀ mọ́ ọn bí ẹyẹ ṣe ń lẹ̀ mọ́ àtè. Àwọn gíga ni agbálẹ̀ tí mo ń sọ. Lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni irun wínníwínní bíi 200 sí 300 wà. Ẹ to 150 nínú irun wọ̀nyí ní orí-sí-ìdí, gbogbo rẹ̀ kò ní ju nǹkan bíi mìlímítà 1 lọ. Síbẹ̀ irun kọ̀ọ̀kan ń ju ara rẹ̀ nígbà 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàrin ìṣẹ́jú-àáyá kan, lọ́sàn-án, lóru, bí a sùn bí a jí.

Bí irun náà bá ń lọ síwájú, a nà gan-an, a fi orí ti ikun. Bí ó bá ń padà, a tẹ̀ balẹ̀, a gba inú omi ṣíṣàn tí ó wà lábẹ́ ikun náà, kí ó má baà fa ohun tí ó ti tì lọ padà wá. Wọn kì í sì í jù lẹ́ẹ̀kan náà; èyí tẹ̀lé èyí ni, bí ìgbà tí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ lórí oko ìrẹsì. Báyìí ni wọ́n ṣe ń ti ikun gòkè ní mìlímítà bíi 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìṣẹ́jú kan, títí yóò fi dé ọ̀fun, tí a ó sì gbé e mì láìmọ̀. Omi kíkan inú ikùn ni yóò parí ìjà náà. Ẹni tí ó bá ń jẹun lọ́wọ́ bí ó ti ń ka ìwé yìí, kí ó jọ̀wọ́ foríjì mí; gbogbo wa ni a ń ṣe é, ọba ń ṣe é, ìjòyè ń ṣe é.

Ẹ má rò pé iṣẹ́ kékeré ni. Ó ti pẹ́ tí àwọn dókítà ti ń rí àwọn ènìyàn kan tí ikọ́ àti ikun imú kì í fi sílẹ̀ láti kékeré, tí ọkàn wọn sì wà ní apá ọ̀tún dípò òsì. Kartagener, dókítà kan ní ilẹ̀ Switzerland, kọ̀wé nípa wọn ní 1933, ṣùgbọ́n ohun tí ó so ikọ́ pọ̀ mọ́ ọkàn tí ó ṣí nípò kò tíì hàn. Ní 1976 ni Afzelius, ọ̀mọ̀wé ará Sweden, kọ ohun tí ó rí nínú awò alágbára kan síta. Nínú irun agbálẹ̀ kọ̀ọ̀kan, okùn tínrín méjìméjì lọ́nà 9 ni ó yí 2 àárín ká, apá kéékèèké sì wà lára wọn tí í mú wọn jù. Lára àwọn aláìsàn wọ̀nyí, apá náà kò sí. Irun wà, ṣùgbọ́n kò lè gbálẹ̀. Ìrù àtọ̀ ọkùnrin, bákan náà ni a ṣe hun ún. Ìdí nìyí tí púpọ̀ nínú àwọn ọkùnrin wọn kò fi rí ọmọ bí. Irú irun bẹ́ẹ̀ náà ni ó sì ń fi apá òsì han ọkàn nígbà tí ọmọ ṣì jẹ́ ọlẹ̀ nínú ìyá rẹ̀.

Ìyá, ìtàn tí ẹ kọ kò jọ ti àwọn wọ̀nyẹn, nítorí pé iṣẹ́ ẹja ni ó bá ikọ́ yín wá. Èéfín igi kún fún èérún tí púpọ̀ jùlọ nínú rẹ̀ kò nípọn tó ìdá 1 nínú 400 mìlímítà kan. Bí ó bá ń dé lójoojúmọ́, ó máa ń kọ́kọ́ rẹ àwọn agbálẹ̀, jíjù wọn a falẹ̀. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, púpọ̀ nínú wọn a kú, sẹ́ẹ̀lì pẹlẹbẹ tí kò nírun a sì gba ipò wọn. Àwọn tí ó rí bí ife, ní tiwọn, a máa pọ̀ sí i. Ẹ wo ọ̀ràn náà: ikun pọ̀, agbálẹ̀ kù díẹ̀. Kí ni ara yóò ṣe? Ikọ́ ni yóò fi gbá a. Lóru, nígbà tí oorun bá wọra, ènìyàn kì í fi bẹ́ẹ̀ wúkọ́, ikun a sì kóra jọ. Ìdí nìyí tí ó fi ń tú síta ní òwúrọ̀. Àwọn tí ń fa sìgá mọ ikọ́ yìí dáadáa.

Oògùn tí í pa ikọ́ mọ́ni lẹ́nu kò lé èéfín, kò sì gbálẹ̀. Ó kàn ń sọ fún ọpọlọ pé kí ó má dá ikun lóhùn ni, ikun a sì jókòó sínú àyà. Èyí tí ó tún burú ni pé kodéìnì ni wọ́n fi ń ṣe àwọn kan nínú rẹ̀, oògùn tí í sọ ènìyàn di ẹrú, tí àpọ̀jù rẹ̀ sì lè dá èémí dúró pátápátá. Ní 2018 ni ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà fi òfin de ṣíṣe oògùn ikọ́ oníkodéìnì àti kíkó o wọ̀lú. Bí ẹnikẹ́ni bá ń tà á fún yín ní kọ̀rọ̀, ẹ bi í léèrè ìdí tí ó fi ń fi í pamọ́.

Ẹ jẹ́ kí a sọ̀kalẹ̀ díẹ̀ sí i, nítorí pé ìsàlẹ̀ ni ewu ńlá wà. Ní òpin àwọn ẹ̀ka náà ni àpò afẹ́fẹ́ kéékèèké wà, nǹkan bíi mílíọ̀nù 480 nínú àgbàlagbà kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan kò sì ju nǹkan bí ìdá 1 nínú 5 mìlímítà lọ. Bí a bá tẹ́ awọ wọn sílẹ̀, yóò bo ilẹ̀ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ tí ó gùn ní mítà 10, tí ó sì fẹ̀ ní mítà 7. Ní 1661 ni Malpighi, dókítà ará Ítálì, fi awò rí i lára àkèré pé iṣan ẹ̀jẹ̀ tínrín bí òwú aláǹtakùn yí irú àpò wọ̀nyí ká. Ohun tí ó pààlà sáàrin afẹ́fẹ́ àti ẹ̀jẹ̀ kò nípọn tó ìdá 1 nínú 1,000 mìlímítà. Ibẹ̀ ni ọ́síjìn ti ń kọjá sínú ẹ̀jẹ̀, tí afẹ́fẹ́ tí ara ti lò tán sì ń jáde. Kò sí agbálẹ̀ kankan níbẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì arìnkiri kan ni ó ń ṣọ́ ibẹ̀, tí í gbé ìdọ̀tí mì. Kòkòrò àrùn lè dà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n èérún ẹ̀ẹ́dú kì í dà. Bí èéfín bá sì pọ̀ jù fún un, ìjà rẹ̀ a máa ba ògiri àpò jẹ́, àpò kéékèèké 10 a wó di ńlá 1, kò sì sí oògùn tí a mọ̀ lónìí tí í tún èyí tí ó wó mọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé èéfín ìdáná inú ilé pa mílíọ̀nù 3.2 ènìyàn ní 2020, ó sì lé ní 237,000 nínú wọn tí í ṣe ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5.

Nítorí náà, ìyá, èéfín ni kí ẹ bá jà. Mo mọ̀ pé ẹja kì í yan ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbé ààrò kúrò nínú ilé sí abẹ́ àtíbàbà tí kò ní ògiri. Ẹ dúró síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ bọ̀, kí èéfín máa lọ kúrò lọ́dọ̀ yín. Ẹ sì jẹ́ kí igi gbẹ dáadáa. Aṣọ tí à ń so mọ́ imú kò lè dá èérún tí mo sọ dúró, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e. Àwọn obìnrin Chorkor, létí Accra ní Gánà, ní ààrò kan tí a ṣe ní nǹkan bí 1970, tí à ń fi amọ̀ tàbí bíríkì mọ, tí à ń to pẹpẹ ẹja lé ara wọn lórí rẹ̀. Igi tí ó ń jẹ kò pọ̀, ẹja púpọ̀ sì ń gbẹ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọmọ ọwọ́, ẹ má pọ̀n ọ́n sí ìdí ààrò rárá. Mo mọ̀ pé owó ni ẹni tí yóò bá yín gbé e yóò gbà, ṣùgbọ́n òtútù àyà náà a máa gba owó, kì í sì í gba owó nìkan.

Kí ẹ tó ṣe ìyókù, ẹ kọ́kọ́ lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba kí wọ́n yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ náà wò. Ikọ́ tí ó bá ti tó ọ̀sẹ̀ 2, a gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò nítorí ikọ́ ẹ̀gbẹ, ọ̀fẹ́ sì ni oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ níbẹ̀. Bí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀, tàbí tí ẹ ń rù, tàbí tí mímí ń nira, ẹ má dúró kí ọjọ́ ọjà kọjá.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ó dà bí ẹni pé mo ń gbọ́ ẹ̀rín yín pé ọ̀rọ̀ ẹlẹ́ja ni. Eruku ṣọ́ọ̀kì ńkọ́? Púpọ̀ nínú rẹ̀ tóbi, imú àti agbálẹ̀ lè kápá rẹ̀, ṣùgbọ́n n kò rí ìdí tí a fi ń fún wọn ní iṣẹ́ àṣekún. Aṣọ tí a rẹ sómi ni kí a fi nu pátákó. Bí a bá sì rán ọmọ pé kí ó lọ gbọn ìnupátákó, kí ó jáde síta, kí ó dúró síbi tí afẹ́fẹ́ yóò ti gbé eruku náà lọ kúrò lójú rẹ̀.

Ìwé mìíràn wà lórí tábìlì mi tí ó béèrè ìdí tí òsúkè fi ń mú ènìyàn. Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.