Èdè kan ṣoṣo kò sọ ilé di ọ̀kan

Ọ̀rọ̀ tòní lè korò díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ ọ́.

Ní ìsinmi tó kọjá, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kan wá láti Àbíjáǹ sí Kétu. Ará Kétu ni bàbá rẹ̀, ará Abẹ́òkúta ni ìyá rẹ̀. Màmá àgbà jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń ki ọmọ ọmọ rẹ̀ ní oríkì, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Ọmọ náà yíjú sí bàbá rẹ̀, ó fi èdè Faransé bi í pé kí ni màmá ń sọ. Bàbá túmọ̀ gbólóhùn kan, ó gbé ìyókù mì. Àwa tí a wà níbẹ̀, ilẹ̀ là ń wò.

Yorùbá ni bàbá, Yorùbá ni ìyá. Báwo ni Yorùbá ṣe wá di ohun tí wọ́n ń túmọ̀ fún ọmọ? A bi wọ́n, wọ́n sì sọ òótọ́ fún wa. Nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra, ọkọ a máa fi ohùn Ẹ̀gbá ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀, ìyàwó náà a ní Yorùbá ará oko ni ti Kétu. Nígbà tí ọmọ dé, ọ̀kan ní báyìí la ṣe ń kí àgbà nílé wa, èkejì ní kò rí bẹ́ẹ̀. Kí ìjà lè parí, wọ́n gbé Faransé sáàárín. Ìjà parí lóòótọ́. Faransé ló sì jogún ọmọ.

Ohun tí a sábà máa ń gbọ́ nípa irú ilé bẹ́ẹ̀ ni pé: "Ṣebí èdè kan náà ni wọ́n ń sọ? Kí ló tún kù tí wọ́n fẹ́ pa pọ̀?" Àwa kò gbà. Ọ̀rọ̀ yẹn ló ń ba ilé wa jẹ́ lẹ́yìn odi.

Ẹ jẹ́ ká wo àwọn òyìnbó ná. Ká ní ọkùnrin ará Amẹ́ríkà fẹ́ obìnrin ará Ọsirélíà, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Singapore. Gẹ̀ẹ́sì ni tọkọtaya ń sọ. Ṣùgbọ́n bí ara ọmọ bá gbóná, ìyá á ní ó ti dé 39, bàbá á ní 102 ni. Ìbà kan náà ni o! Celsius ni ìyá fi ń wọ̀n ọ́n, Fahrenheit ni ti bàbá. Bí bàbá bá kọ 7/4 sílẹ̀, ọjọ́ kẹrin oṣù keje ló ní lọ́kàn, ọjọ́ òmìnira Amẹ́ríkà. Ìyá á kà á sí ọjọ́ keje oṣù kẹrin. Oṣù kẹjọ tàbí ìkẹsàn-án ni wọ́n ń wọlé ìwé níbi tí wọ́n ti bí bàbá. Lọ́dọ̀ ìyá, ìparí oṣù kìn-ín-ní ni tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejì. Kérésìmesì ìyá bọ́ sí àárín ẹ̀ẹ̀rùn; inú òtútù ni bàbá ti ń ṣe tirẹ̀. Bàbá ní Ọjọ́ Ìdúpẹ́, Ọjọ́bọ̀ kẹrin nínú oṣù kọkànlá, tí ẹbí ń pé jọ jẹ tòlótòló. Ìyá ní Anzac Day, ọjọ́ 25 oṣù kẹrin, tí wọ́n ń jí ní ìdájí láti rántí àwọn ọmọ ogun tó gúnlẹ̀ sí Gallipoli, ní Tọ́kì, ní 1915.

Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, bí wọn ò bá jókòó sọ ọ́, ẹ mọ ẹni tí yóò gbé ẹnìkejì mì. Àwọn ará Amẹ́ríkà lé ní mílíọ̀nù 330. Àwọn ará Ọsirélíà tó bíi mílíọ̀nù 27. Fíìmù Amẹ́ríkà ló kún ojú tẹlifíṣàn. Ẹnikẹ́ni kò ní lé Ọsirélíà jáde nílé náà. Kò kàn ní sí ẹni tó dì í mú ni. Àfi tí bàbá bá gbà láti jí ní ìdájí ọjọ́ 25 oṣù kẹrin, tí ìyá náà sì gbà láti se tòlótòló. Nígbà náà ni ọmọ á mọ̀ pé ojú ọ̀nà méjì ni òun ti wá, kò sì ní tijú ọ̀kankan.

Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ fún wọn, mélòó mélòó wá ni àwa. Ní 1889, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fẹnu kò lórí ìlà tí wọ́n fà sórí ilẹ̀ wa. Kétu bọ́ sápá kan, Ìmẹ̀kọ bọ́ sápá kejì. Láti ìgbà náà, ilé ìwé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló tọ́ wa. Ọmọ mú 12 lórí 20 bọ̀ láti ilé ìwé, bàbá Kétu ní ó ṣe dáadáa, ìyá tó kàwé ní Nàìjíríà, tó jẹ́ pé lórí 100 ló mọ̀, pariwo pé, "Méjìlá kẹ̀?" Wọ́n kọ Oloufèmi sínú ìwé ìbí ọmọ, àwọn ẹbí ìyá ń wò ó bí orúkọ àlejò, torí Olufemi ni wọ́n mọ̀. Bẹ́ẹ̀ ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹjọ ni òmìnira Benin, ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹwàá ni ti Nàìjíríà. Nínú ilé mélòó lẹ́yìn odi ni wọ́n ti ń rántí méjèèjì? Ní Àbíjáǹ, Ànàgó ni wọ́n ń pe gbogbo wa. Àlejò lè pè wá ní ọ̀kan. Àwa fúnra wa la máa ṣiṣẹ́ tí yóò sọ wá di ọ̀kan.

Àwa olùkọ́ náà jẹ̀bi, a ò ní fi pamọ́. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, wọ́n so sìnyálì mọ́ wa lọ́rùn torí pé a sọ èdè ìyá wa nínú ọgbà ilé ìwé. Nígbà tí a di olùkọ́, àwọn kan nínú wa so ó mọ́ ọmọ ọlọ́mọ lọ́rùn. Àwa la sọ fún àwọn òbí tó ń lọ sájò pé kí wọ́n máa sọ Faransé nílé, kí orí ọmọ má baà dàrú. Irọ́ la pa. Ní Àjàṣẹ́ níbí, ọmọ tí kò tíì pé ọdún méje ń sọ Gùn, Yorùbá àti Faransé, orí rẹ̀ kò dàrú. Ọmọ tó lè mọ̀ pé 39 àti 102 jẹ́ ìbà kan náà, ṣé kò ní lè mọ̀ pé ìkíni Kétu àti ti Ẹ̀gbá jẹ́ ọ̀wọ̀ kan náà?

Benin, Nàìjíríà àti Togo ló jọ ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí UNESCO kéde ní 2001. Bí ìjọba mẹ́ta bá lè jókòó sórí ẹní kan nítorí Gẹ̀lẹ̀dẹ́, kí ló dé tí ọkọ àti aya kò lè ṣe é nítorí ọmọ?

Nítorí náà, ẹ̀yin bàbá, ẹ yé fi ohùn ìyàwó yín ṣẹ̀fẹ̀. Ẹ̀yin ìyá, ẹ yé pe èdè ọkọ yín ní ti ará oko. Kí bàbá sọ tirẹ̀, kí ìyá sọ tirẹ̀, kí ọmọ gbọ́ méjèèjì. Ẹ kọ́ ọmọ ní ọ̀nà méjèèjì tí wọ́n ń gbà kọ orúkọ rẹ̀. Bí ẹ bá pe màmá àgbà lórí fóònù, ẹ gbé fóònù fún ọmọ, kí ẹ sì dákẹ́. Ẹ má túmọ̀. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà, àti ilé Kétu àti ilé Abẹ́òkúta.

Màmá àgbà tí a sọ lẹ́ẹ̀kan ṣì wà láyé. Ìsinmi mìíràn ń bọ̀. A fẹ́ kí ọmọ yẹn dá a lóhùn fúnra rẹ̀, kí ilẹ̀ tó ṣú.