Ẹni Tó Tú Ṣọ́ọ̀kì Lára Mọ́tò Ẹ̀ Ló Mọ Ohun Tó Ń Ṣe É

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá Kàdúná! Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí ò ní dùn mọ́ àwọn kan nínú, ṣùgbọ́n mi ò lè gbé e mì.

Níbi ìpàdé oṣù tó kọjá, gbogbo wa la gbọ́ ẹjọ́ ọmọkùnrin wa tó ń fi Golf ṣe takisí. Ó ra ṣọ́ọ̀kì mẹ́rin lọ́wọ́ ọmọ ẹgbẹ́ wa kan ní ₦80,000, lábẹ́lé, kò gba ṣọ́ọ̀bù ẹnì kankan kọjá. Ṣọ́ọ̀kì sport ni, Bilstein aláwọ̀ yẹ́lò, ó ń dán yinrin. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ló lò ó. Lójú ọ̀nà Záríà, mọ́tò wọ kòtò kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fò bí ọ̀pọ̀lọ́, àfi inú igbó gbàà. Ọlọ́run ló yọ wọ́n, ṣùgbọ́n ìyá kan nínú èrò dá lápá. Nígbà tí a tú ṣọ́ọ̀kì náà wò, méjì nínú ẹ̀ ti ń jo ọ́ìlì tipẹ́. Wọ́n kàn fi bẹntiróòlù fọ̀ ọ́ ni, wọ́n sì kun ún ní ọ̀dà.

Ẹni tó tà á ní, "Tòkunbọ̀ ni, bó ṣe rí i ló ṣe rà á." Àwọn àgbà ní ká fi sílẹ̀, pé ọmọ ìyá ni wọ́n, kí àwọn onílùú má baà gbọ́ ìjà wa. Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn àgbà, àmọ́ mi ò fara mọ́ ọn.

Ẹ má sọ pé torí pé èmi náà ń ta Belgium ní Panteka ni mo ṣe ń sọ̀rọ̀. Lóòótọ́, ẹni tó bá ń tà á lábẹ́lé ń bù nínú oúnjẹ mi. Kò burú, ọjà kì í ṣe ti ẹnìkan. Ẹni tó bá ní nǹkan tó dáa, kó tà á. Dídákẹ́ yẹn ni mò ń bá jà.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé. Ṣọ́ọ̀kì tó wà ní ṣọ́ọ̀bù mi, inú kọ̀ntẹ́nà ló ti wá. Mi ò mọ ẹni tó lò ó ní Jámánì, mi ò mọ̀ bóyá mọ́tò tó wà lára ẹ̀ ti forí sọ igi rí. Ohun tí ojú mi rí nìkan ni mo lè sọ, ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ fún oníbàárà pé kó mú mẹkáníìkì ẹ̀ wá. Ṣùgbọ́n ìwọ tó tú u lára mọ́tò tìẹ, o mọ ọjọ́ tó o rà á. O mọ ìdí tó o fi tú u. O mọ ohun tó ń dún lábẹ́ mọ́tò. Ẹni tó mọ̀ tó sì dákẹ́, ẹ̀ṣẹ̀ ẹ̀ ju tèmi tí mi ò mọ̀ lọ.

Àbùkù kejì tún wà níbẹ̀ tí ojú ò lè rí. Bilstein yẹ́lò yìí, B6 wà, B8 wà. B6 wà fún mọ́tò tó ṣì wà lórí sìpíríǹgì tó bá a wá láti iléeṣẹ́. B8 kúrú jù ú lọ, torí mọ́tò tí wọ́n ti fi sìpíríǹgì kúkúrú rẹ̀ sílẹ̀ ni wọ́n ṣe é fún. Àwọ̀ kan náà, gígùn ọ̀tọ̀. Ẹni tó tà á ti rẹ Golf tiẹ̀ sílẹ̀ kó lè máa ṣe fàájì. Golf takisí ọmọ yẹn dúró bí wọ́n ṣe ṣe é. Bí táyà bá ti sọ̀kalẹ̀ sínú kòtò, ṣọ́ọ̀kì á ti nà tán kí táyà tó débi tó ń lọ, á wá gbá ara ẹ̀ gbàá. Ṣé ọmọ tó ń wá oúnjẹ òòjọ́ ló yẹ kó mọ èyí, àbí ẹni tó fọwọ́ ara ẹ̀ rẹ mọ́tò sílẹ̀?

Wọ́n ní ẹni tó bá ń bínú kó lọ sí kóòtù. Mo bi agbẹjọ́rò kan. Ó ní nínú òfin títa ọjà, oníṣòwò tó ń ta irú ọjà bẹ́ẹ̀ ló di ẹrù lé lórí pé ọjà ẹ̀ gbọ́dọ̀ dáa. Ẹni tó kàn ta nǹkan ara ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, òfin yẹn ò di irú ẹrù bẹ́ẹ̀ rù ú. Bó bá purọ́, wọ́n lè mú un. Bó bá dákẹ́ ńkọ́? Ó ṣòro. Ẹ ò rí i pé àwa fúnra wa ló yẹ ká ṣe òfin tiwa?

Ohun tí mò ń béèrè rèé. Ọmọ ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ ta nǹkan abẹ́ mọ́tò fún ọmọ ẹgbẹ́, kó sọ nǹkan mẹ́ta kí wọ́n tó bi í: ìdí tó fi tú u, bó ṣe pẹ́ tó lábẹ́ mọ́tò, àti bóyá ó ti rẹ mọ́tò náà sílẹ̀. Kó ya fọ́tò nọ́ńbà tó wà lára ẹ̀, torí nọ́ńbà yẹn ló máa sọ irú mọ́tò tí wọ́n ṣe é fún. Kó má kun ún ní ọ̀dà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń rà náà, ẹ lajú. Ẹ wo irin dídán tó ń wọlé tó ń jáde. Bó bá ti dípẹtà, á gé rọ́bà tó di ọ́ìlì mú. Irú Bilstein yẹn, ẹ tẹ̀ ẹ́ wọlé, bí kò bá padà jáde fúnra ẹ̀, gáàsì inú ẹ̀ ti lọ. Ẹ má san owó tán títí mẹkáníìkì á fi wò ó.

Wọ́n máa ń ní òtítọ́ dé ọjà, ó kùtà. Mo mọ̀. Èmi náà ti pàdánù oníbàárà torí pé mo sọ pé ṣọ́ọ̀kì kan ò dáa. Àmọ́ ọmọ yẹn ò béèrè ìwé, kò béèrè ẹlẹ́rìí, torí pé Yorùbá ló gbọ́ lẹ́nu ẹni tó tà á. Òun ló fi ṣe gàráńtì. Bí èyí náà bá bàjẹ́, ta la tún fẹ́ sá bá nílùú onílùú?

Ẹ̀yin àgbà, mo dọ̀bálẹ̀, ẹ tún ẹjọ́ yẹn dá. Kí ó dá ₦80,000 ọmọ náà padà, kí ó sì bá ìyá yẹn san owó ọsibítù. Lẹ́yìn náà la ó tó mọ̀ pé ọmọ ìyá ni wá.