Ilé Iṣẹ́ Àtúnṣe Ni Ẹ̀mí Ọkọ̀

Bí a bá dárúkọ reluwé, èéfín àti èédú ni ó kọ́kọ́ ń wá sí ọkàn ọ̀pọ̀ nínú wa. Ṣùgbọ́n irú reluwé kan wà ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí kò jó èédú, tí kò sì rú èéfín. Wáyà ni wọ́n ta sí òkè ojú irin. Ọ̀pá kan dúró lórí ọkọ̀, ó ń gba iná mànàmáná láti ara wáyà náà wá sínú ẹ̀rọ tí ń bẹ lábẹ́ ọkọ̀, ẹ̀rọ yìí ni ó sì ń yí ẹsẹ̀ irin rẹ̀. Láti ìlú dé ìlú ni ó ń lọ. A máa dúró fún àgbẹ̀ ní ẹ̀bá oko, a máa gbé ọlọ́jà, a sì máa gbé ẹrù wọn pẹ̀lú. Ìtàn bí reluwé yìí ṣe gbilẹ̀, bí ó ṣe wó, àti ohun tí ó mú kí díẹ̀ nínú rẹ̀ yè, ni a fẹ́ gbé kalẹ̀ níwájú yín ní oṣù yìí, nítorí pé ẹ̀kọ́ ńlá ń bẹ níbẹ̀ fún àwa ọmọ Yorùbá.

Ní 1888 ni Frank Sprague fi iná mànàmáná wa ọ̀wọ́ ọkọ̀ ìgboro ní ìlú Richmond, ní Virginia, tí ayé sì gbà pé iṣẹ́ náà ṣeé ṣe. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí àwọn olówó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ irin láti ìlú kan sí èkejì. Nígbà tí ó fi máa di 1916, gígùn ojú irin wọ̀nyí ti lé ní 15,000 máìlì, ilẹ̀ Ohio àti Indiana ni ó sì ti pọ̀ jù lọ. Ṣùgbọ́n mọ́tò dé, ìjọba la títì fún un, ọ̀dá owó tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1929 sì bá wọn lórí ìdúró. Ilé iṣẹ́ kan ń wó tẹ̀ lé òmíràn. Wọ́n hú irin, wọ́n tà á. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ onígi ni wọ́n dáná sun kí wọ́n lè ṣa irin inú eérú rẹ̀. Ohun tí wọ́n fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ owó àti òógùn kọ́, wọ́n fi ọdún díẹ̀ tú u ká.

Síbẹ̀, ọ̀kan kò kú. Ìyẹn ni South Shore, tí ń lọ láti Chicago dé South Bend, nǹkan bí 90 máìlì. Ní 1908 ni ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Samuel Insull rà á ní 1925, ó yí agbára iná rẹ̀ padà ní 1926, ó sì ra àwọn ọkọ̀ onírin tuntun sí i. Àwọn ọkọ̀ tí ó rà nígbà náà ṣiṣẹ́ títí di nǹkan bí 1983. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀: ó ju àádọ́ta ọdún lọ. Kí ni ó gbé wọn dé ibẹ̀? Kì í ṣe pé irin wọn yàtọ̀ sí irin àwọn tí ó ti wó. Ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ àtúnṣe ní Michigan City ni.

Ẹ wo ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ náà ṣe. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, èrò pọ̀ ju ààyè lọ, kò sì sí ọkọ̀ tuntun láti rà, nítorí pé ogun ti gba gbogbo irin. Àwọn òṣìṣẹ́ yìí kò káwọ́ gbera. Láti 1942, wọ́n gé ọkọ̀ náà sí méjì láàrin, wọ́n fa apá kan sẹ́yìn, wọ́n fi ẹsẹ̀ bàtà mẹ́tàdínlógún àti ààbọ̀ kún àárín rẹ̀, wọ́n sì jó o pọ̀. Ọkọ̀ tí ó wọlé ní kúkúrú jáde ní gígùn. Ẹni tí kò ní ilé àtúnṣe, tí kò ní ọwọ́ tí ó mọ inú ọkọ̀, kò lè ronú irú nǹkan bẹ́ẹ̀, áńbọ̀sì pé yóò ṣe é.

Lẹ́yìn ogun náà, ilé iṣẹ́ General Electric ṣe ogún ẹ̀rọ ńlá tí ń fa ọkọ̀ ẹrù fún ilẹ̀ Rọ́ṣíà. Ọ̀rẹ́ àárín ìjọba méjèèjì bàjẹ́, àwọn ẹ̀rọ náà kò sì lọ mọ́. Méjìlá lọ sí reluwé Milwaukee Road, márùn-ún lọ sí Brazil, South Shore sì gba mẹ́ta. Wọ́n sọ wọ́n ní Little Joe, wọ́n ń fi orúkọ Stalin ṣe àwàdà. Wọ́n fa ẹrù fún South Shore fún ohun tí ó lé ní ọgbọ̀n ọdún.

Ó yẹ kí a mọ ohun tí àtúnṣe yìí jẹ́. Lójoojúmọ́ ni ọkọ̀ ń gbó díẹ̀díẹ̀. Ẹsẹ̀ irin ń jẹ lórí irin, a ní láti fá a kí ó tún rí róbótó. Èédú kékeré tí ń gbé iná wọ inú ẹ̀rọ ń jẹ tán, a ní láti pààrọ̀ rẹ̀. Ooru ń jó ohun tí a fi bo wáyà inú ẹ̀rọ. A ní láti tú gbogbo wáyà náà, kí a sì wé òmíràn ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Bí ilé iṣẹ́ tí ó kọ́kọ́ rọ ẹ̀rọ náà bá ti kógbá wọlé, kò sí ibi tí a ti lè ra ẹ̀yà ara rẹ̀. Alágbẹ̀dẹ ni yóò rọ ọ́, káfíńtà ni yóò gbẹ́ ẹ. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ẹni tí ó mọ àkísà ọkọ̀, tí ó mọ ibi tí ó ti gbó àti ìdí tí ó fi gbó níbẹ̀, òun ni ó mọ ọkọ̀.

Àwọn aráàlú lásán pẹ̀lú gba díẹ̀ là. Ní 1953, ọkùnrin mẹ́wàá dá 100 dọ́là lẹ́nì kọ̀ọ̀kan, wọ́n fi ra ọkọ̀ kan ṣoṣo, ọkọ̀ nọ́ńbà 65 ti Indiana Railroad, kí wọ́n má baà fọ́ ọ. Láti ara ọkọ̀ kan yìí ni Illinois Railway Museum ti bẹ̀rẹ̀, èyí tí ó kó lọ sí ìlú Union ní 1964. Ọ̀kan nínú àwọn Little Joe ti South Shore ń bẹ níbẹ̀ lónìí. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Àwọn mẹ́wàá yìí kò dúró de ìjọba.

Ẹnìkan lè bi wá pé: kí ni ó kàn wá níbẹ̀? Ó kàn wá gidigidi. Èkó ní tírámù láti 1902 títí di 1933; èwo nínú àwọn ọmọ wa ni ó mọ̀ ọ́n? Ilé iṣẹ́ reluwé ní Èbúté Mẹ́ta kọ́ alágbẹ̀dẹ, káfíńtà àti àwọn tí ń fá irin láti ìran dé ìran. Láàrin òṣìṣẹ́ reluwé ni Michael Imoudu ti dìde tí ó fi ṣíwájú ìrìn wọn lọ sí ilé Gómìnà ní 1941. Ní oṣù kẹsàn-án 2023 ni reluwé oníná mànàmáná ti Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò láàrin Mile 2 àti Marina, ìrìn kìlómítà 13. Inú wa dùn sí i. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tuntun a máa di ògbólógbòó. Bí kò bá sí ọmọ wa tí ó lè tú ẹ̀rọ rẹ̀, kí ó sì tò ó padà, àlejò ni yóò máa ràn án fún wa títí ayé, ní iye owó tí ó bá wù ú.

Àwọn kan ń wí pé irin àtijọ́ kò wúlò, kí a tà á, kí a ra tuntun. A dá wọn lóhùn pé South Shore pẹ̀lú ra tuntun nígbà tí àkókò tó; ṣùgbọ́n ìmọ̀ tí wọ́n kó jọ lára ti àtijọ́ ni ó gbé wọn dé ọjọ́ náà. Ẹni tí ó bá ta irin, ó ti gba owó. Ẹni tí ó bá jẹ́ kí ìmọ̀ inú rẹ̀ nù, kò sí owó tí ó lè rà á padà.

Nítorí náà, a ń bẹ̀ yín. Ẹ̀yin tí ẹ ní baba tàbí ẹ̀gbọ́n tí ó ti ṣiṣẹ́ ní Èbúté Mẹ́ta, ẹ jókòó tì wọ́n, ẹ bi wọ́n ní orúkọ irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní èdè wa, bí wọ́n ti ń pè é lẹ́nu iṣẹ́, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ mú àwọn ọmọ lọ wo ohun àtijọ́ reluwé tí wọ́n tọ́jú sí Jaekel House. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ipò àṣẹ, ẹ jẹ́ kí ilé àtúnṣe bá ọkọ̀ tuntun dé, kí ọmọ iṣẹ́ sì wà nínú rẹ̀. Ọkọ̀ ni ojú ń rí; ilé iṣẹ́ àtúnṣe ni ẹ̀mí rẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí a ra ara kí a gbàgbé ẹ̀mí.