Ọjọ́ Ni Kí Arìnrìn-àjò Kà

Nígbà tí ọyẹ́ bá dé sí ilẹ̀ Yorùbá, tí ètè ń là, tí igi ń wọ́wé, tí eruku ọ̀nà ń fẹ́ lẹ́lẹ́ bí ẹfun, ìgbà náà ni lékeléke, ẹyẹ aláṣọ àlà, máa ń yọ sí wa láti apá àríwá, tí àwa ọmọdé ayé ọjọ́un yóò máa ju ọwọ́ sí i lókè kí ó lè ta wá lọ́rẹ èékánná funfun. Bí òjò bá sì ti ń fẹsẹ̀ múlẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í gbúròó rẹ̀ mọ́. N kò mọ̀ nígbà náà pé ọmọ ènìyàn pẹ̀lú lè sọ irú ìṣípòpadà bẹ́ẹ̀ di àṣà. Ìgbà tí mo di ará Kánádà ni mo tó rí àwọn àgbààgbà tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, tí wọ́n ń di ẹrù kún inú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ní oṣù kọkànlá, tí wọ́n ń fi kọ́kọ́rọ́ ilé lé aládùúgbò lọ́wọ́, tí a kò sì ní fojú kàn wọ́n mọ́ títí ewé tuntun yóò fi rú lórí igi. Ẹyẹ yìnyín ni wọ́n ń pe ara wọn, Florida sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń bà sí.

Àwọn ọmọ káàárọ̀-oò-jíire náà ti ń dara pọ̀ mọ́ agbo ẹyẹ yìí, n kò sì bá wọn wí. Ẹni tí kò bá tíì bá òtútù Ontario, ìpínlẹ̀ wa ní Kánádà, wọ̀dìmú rí ni ó lè máa fi ẹni tí ń sá fún un ṣe ẹlẹ́yà: òtútù tí ń mú omi imú dì kí a tó rí aṣọ ìnujú fà yọ, òtútù tí ń mú kí orúnkún àgbà máa ké bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo. Ohun tí mo ní í sọ kò kan lílọ. Ó kan bí a ṣe ń ṣírò lílọ náà.

Ní ọjọ́ Sátidé kan tí a jọ parí ìpàdé ẹgbẹ́, àbúrò mi kan mú mi lọ sí ilé rẹ̀ kí n wá bá a wo ètò ìrìn àjò rẹ̀. Ó tẹ́ àwòrán ilẹ̀ sórí tábìlì ìjẹun, ó fi agolo mílíìkì tẹ òkè rẹ̀ mọ́lẹ̀ ní Toronto, ó fi ìgò ata gígún tẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ ní Tampa ní Florida, ó sì ń fi pẹ́ńsùlù fa ìlà láti ìdí agolo lọ sí ìdí ìgò.

“Ẹ̀gbọ́n, wákàtí mọ́kànlélógún péré ni,” ni ó wí, tí ojú rẹ̀ ń dán. “Èmi àti ìyàwó mi yóò máa gba ọkọ̀ wà fún ara wa. Bí a bá ṣí kúrò níhìn-ín ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, etí òkun ni a ó ti jẹ oúnjẹ alẹ́ ọjọ́ Sátidé.”

Ìyàwó rẹ̀, tí ó ń ro àmàlà lọ́wọ́ nídìí sítóòfù, kò tilẹ̀ yíjú padà. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi bi dádì wọn bóyá yìnyín náà ń wo aago.”

Àwa ọkùnrin méjèèjì rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ obìnrin náà kò kúrò ní etí mi láti ìgbà náà, òun gan-an ni mo sì jókòó láti tì lẹ́yìn lónìí. Nínú gbogbo àwọn tí ọ̀rọ̀ ìrìn àjò yìí kàn, ìbáà ṣe ojú ọjọ́, ìbáà ṣe oníbodè, agbowó orí tàbí dókítà, kò sí ọ̀kan tí ń fi wákàtí ṣírò. Ọjọ́ ni gbogbo wọn ń kà. Arìnrìn-àjò nìkan ni ó ń ka wákàtí, ibẹ̀ sì ni wàhálà rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀nà náà fúnra rẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Láti Toronto, títì 401 ni yóò gbé ènìyàn dé Windsor, nǹkan bí 370 kìlómítà. Yóò wá gun afárá Ambassador, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1929, tàbí kí ó gba ihò abẹ́ odò tí wọ́n ṣí ní ọdún 1930, kí ó tó já sí Detroit ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Láti ibẹ̀, títì I-75 ni, ọ̀nà gbọọrọ tí orí rẹ̀ wà ní Sault Ste. Marie létí Kánádà, tí ìrù rẹ̀ wà nítòsí Miami, tí ó la Michigan, Ohio, Kentucky, Tennessee àti Georgia kọjá kí ó tó wọ Florida. Ìlà tí àbúrò mi ń fi pẹ́ńsùlù fà yẹn lé ní 2,000 kìlómítà, bí ẹni tí ó ti Èkó lọ sí Kánò tí ó sì tún padà.

Òjò kò bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji bá rí ni eji ń pa. Bẹ́ẹ̀ náà ni yìnyín. Ní ọjọ́ kẹta oṣù kìíní ọdún 2022, Tim Kaine, sẹ́nétọ̀ tí ń ṣojú Virginia, wọ ọkọ̀ rẹ̀ ní Richmond pé òun ń lọ sí Washington, ìrìn wákàtí méjì tí ó ti rìn láìmọye ìgbà. Kò mọ̀ pé yìnyín ti dí títì I-95 pa nítòsí Fredericksburg. Àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ti dábùú ọ̀nà, ẹni tí ó wà níwájú kò lè lọ, ẹni tí ó wà lẹ́yìn kò lè padà, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì sun inú ọkọ̀ mọ́jú nínú òtútù. Wákàtí mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni sẹ́nétọ̀ náà fi rin ìrìn wákàtí méjì. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ròyìn lẹ́yìn náà pé ìdílé kan láti Connecticut, tí wọ́n ń ti Florida bọ̀, ń rìn láàárín àwọn ọkọ̀ tí ó dúró gbagidi, wọ́n ń pín ọsàn fún ẹni gbogbo. Ẹni tí ó ti jẹ gómìnà ìpínlẹ̀ náà rí ni ó ń tẹ́wọ́ gba ọsàn lójú títì yẹn o.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé bí àwọn bá ti ré kọjá Ohio, àwọn ti bọ́ lọ́wọ́ yìnyín nìyẹn. Èrò yìí ni ó ń bà mí lẹ́rù jù. Ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù kìíní ọdún 2014, yìnyín tí kò ga tó ínǹṣì mẹ́ta bọ́ sórí Atlanta ní Georgia. Ní Ontario, irú èyí kò tó ohun tí a ń bá aládùúgbò sọ. Ṣùgbọ́n ní Atlanta, ilé ìwé, ilé iṣẹ́ àti ọ́fíìsì ìjọba tú ká lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo ọkọ̀ ya sójú títì, yìnyín náà sì dì gbagidi lábẹ́ táyà, ó ń dán bí dígí, débi pé àwọn ọkọ̀ tí í máa da iyọ̀ sójú ọ̀nà kò rí ibi gbà kọjá. Àwọn ọmọ sun ilé ìwé mọ́jú, àwọn àgbà sun inú ọkọ̀ àti ilé ìtajà. Ìlú tí ó mọ òtútù lójú a máa pèsè fún un. Ìlú tí òtútù ń bẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni ó ń pa lára jù. Kì í sì í ṣe yìnyín nìkan. Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kejìlá ọdún 1990, kùrukùru bo títì I-75 kan náà nítòsí Calhoun ní Tennessee, ọkọ̀ mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún kọ lu ara wọn, ènìyàn méjìlá sì kú. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ri ẹ̀rọ tí ń ṣọ́ kùrukùru mọ́ ẹ̀bá ọ̀nà níbẹ̀, tí wọ́n sì ní géètì tí wọ́n lè fi ti títì náà pa. Bí wọ́n bá ti géètì, kí ni wákàtí mọ́kànlélógún yóò wí?

Nítorí náà ni mo ṣe ní kí àbúrò mi ka ọjọ́ márùn-ún: mẹ́ta fún ìrìn, ní ojúmọmọ, àti méjì fún ìdúró. Ọjọ́ ìdúró yìí ni ọkùnrin kì í fẹ́ gbọ́ sétí. Ó ń rò pé owó hòtẹ́ẹ̀lì ni òun ń sọ nù, bẹ́ẹ̀ ni kò ka owó táyà tàbí ti epo sí owó tí ó sọ nù. Kí ó gba yàrá tí ó lè dá padà láìsan owó, kí ó máa gbọ́ ìròyìn ojú ọjọ́ ti ìlú iwájú, kì í ṣe ti ìlú tí ó wà nìkan, kí ó má sì jẹ́ kí epo ọkọ̀ fà sẹ́yìn ìdajì. Kúbùsù, ṣọ́bìrì, omi àti oúnjẹ kò gbọdọ̀ wọ́n nínú ọkọ̀. Bí yìnyín bá sì sé e mọ́, kí ó kọ́kọ́ gbọ́n ọ́n kúrò lẹ́nu ẹ̀sọ́ọ̀sì kí ó tó tan ọkọ̀, nítorí èéfín tí kò rí ọ̀nà jáde a máa pa ènìyàn sójú oorun láìjẹ́ kí ó mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wá dé ọ̀dọ̀ oníbodè. Ní ayé àwọn baba wa, ẹnu odi ìlú ni oníbodè ń jókòó sí, tí ó ń gba owó bodè lọ́wọ́ oníṣòwò, tí ó sì lè mú àlejò jókòó títí ọba yóò fi gbọ́. Ti òde òní kò yàtọ̀ púpọ̀, àfi pé ẹ̀rọ ni ó ń bá a rántí nǹkan. Ọmọ Kánádà kì í sábà nílò físà, oṣù mẹ́fà ni wọ́n sì máa ń fún un. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹrin ọdún 2025, ẹni tí yóò bá lò tó ọgbọ̀n ọjọ́, tí kò sì gba ìwé ìwọlé I-94 lẹ́nu bodè, gbọ́dọ̀ fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba Amẹ́ríkà. Ọmọ wa tí ìwé ìrìnnà Nàìjíríà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ ńkọ́? Bí ó tilẹ̀ ti ní ìwé ìgbélùú Kánádà, yóò wá físà Amẹ́ríkà kí ó tó dé Windsor. Mo ti rí ẹni tí ó ra táyà tuntun, tí ó fọ ọkọ̀ mọ́ tónítóní, kí ó tó rántí pé físà òun ti kú. Ní ti oúnjẹ, ẹ dárúkọ gbogbo ohun tí ẹ bá gbé fún oníbodè, pàápàá ẹran àti èso. Ọbẹ̀ tí a fi pa mọ́ lè náni ju ọbẹ̀ tí wọ́n gbà lọ.

Agbowó orí ilẹ̀ Amẹ́ríkà náà ń ka ọjọ́, ìṣirò tirẹ̀ sì jinlẹ̀. Yóò ka gbogbo ọjọ́ tí ẹ lò níbẹ̀ lọ́dún yìí, yóò fi ìdámẹ́ta ti èṣí kún un, yóò tún fi ìdámẹ́fà ti ọdún tí ó ṣáájú èṣí kún un. Bí ó bá pé 183, ó lè pè yín ní ará ilé òun nídìí owó orí. Ẹni tí ń lo 120 ọjọ́ lọ́dọọdún ní 120, ó ní 40, ó ní 20, àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 180, ó sì bọ́ nínú okùn náà. Ẹni tí ó bá kọjá bẹ́ẹ̀ lè kọ ìwé 8840 láti fi hàn pé ilé rẹ̀ gan-an wà ní Kánádà, ṣùgbọ́n ẹni tí kò kọ iye ọjọ́ rẹ̀ sílẹ̀ kò ní rí ohun tí yóò kọ sínú rẹ̀.

Ti dókítà ni ó jẹ mí lẹ́ran ara. Ètò ìlera Ontario gbà kí ènìyàn jìnnà sí ìpínlẹ̀ náà fún ọjọ́ 212 láàárín oṣù méjìlá, ṣùgbọ́n bí àìsàn òjijì bá gbé e dè sórí ibùsùn ilé ìwòsàn lẹ́yìn odi, 400 dọ́là Kánádà lóòjọ́ ni òpin ohun tí wọn yóò san, nígbà tí ilé ìwòsàn Florida lè béèrè ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Adójútòfò ni ó kù. Ní ọdún kan, mo ti san owó fún ilé iṣẹ́ adójútòfò kan, mo ti di ẹrù, ni dókítà bá pààrọ̀ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi, pé kí n máa lo èyí tí ó lágbára díẹ̀. Inú mi dùn, mo rò pé ara mi ni wọ́n ń tọ́jú. Ìgbà tí mo fi tẹlifóònù sọ fún àwọn adójútòfò ni ọmọbìnrin kan fi ohùn pẹ̀lẹ́ ka ìwé àdéhùn fún mi: àìsàn tí oògùn rẹ̀ bá yí padà gbọ́dọ̀ pé àádọ́rùn-ún ọjọ́ láìtún yí kí àwọn tó lè dúró fún un. Mo ka àádọ́rùn-ún ọjọ́ náà lórí kàlẹ́ńdà. Ó bọ́ sí ìparí oṣù kẹta. Mo tú ẹrù mi, mo sì wo yìnyín láti ojú fèrèsé títí ó fi yọ́.

Àwọn kan yóò ní ọlọ́rọ̀ ni ó ń ka ọjọ́, pé ẹni tí ọ̀gá rẹ̀ fún ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì kò lè fi ọjọ́ mẹ́wàá nínú rẹ̀ wà lójú ọ̀nà, àlọ àti àbọ̀. Òótọ́ ni, n kò sì ní èsì tí ó dùn fún un: irú ẹni bẹ́ẹ̀, kí ó wọ bàálù. Ọ̀nà yìnyín kì í ṣe ti ẹni tí a dá ìgbà fún.

Àbúrò mi fara mọ́ ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn àríyànjiyàn gígùn. Ó kọ̀ láti gba márùn-ún. Wọ́n lọ. Ní alẹ́ ọjọ́ kejì, tẹlifóònù mi dún. Corbin ni wọ́n wà, ní Kentucky, ìlú tí Harland Sanders ti bẹ̀rẹ̀ sí í din adìẹ tí gbogbo ayé wá mọ̀ ọ́n mọ́. Òkè Jellico tí ó wà níwájú wọn ti di dídán bí àwo, wọ́n sì ti ń mu gààrí nínú ife hòtẹ́ẹ̀lì. Ó ń ráhùn, ó ní ilẹ̀ ọ̀la lè mọ́ bá àwọn níbẹ̀, bóyá ọ̀tunla pàápàá. Mo gbọ́ ohùn ìyàwó rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ketekete, ó ní, “Ẹ kú alẹ́ o, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ bá mi bi dádì wọn, wákàtí mélòó ló kù?”